Nọ́ńbà Keje Kò Dáhùn Ìkíni

Orúnkún Ràfátù méjèèjì ni mo kọ́kọ́ gbọ́ lórí sìmẹ́ńtì, kí n tó rí ojú rẹ̀ rárá.

Wọ́n kó wa jọ sí yàrá òkè súpámákẹ́ẹ̀tì tuntun kan ní Wúsé ní Àbújá, tí kò tíì ṣílẹ̀kùn fún oníbàárà. Wọ́n to àga méjìlá yípo bí ẹni tí ó fẹ́ ṣe ìpàdé ẹbí, wọ́n sì lẹ páálí kékeré mọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wa láyà. Èmi ni nọ́ńbà keje. Àwọn mẹ́ta tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ wá wò jókòó sẹ́yìn tábìlì. Obìnrin kan tí ó wọ awò ojú ni ó ń sọ̀rọ̀ láàárín wọn, Mádààmù ni gbogbo wa ń pè é. Ó ní ilé iṣẹ́ àwọn ní ṣọ́ọ̀bù káàkiri, bákan náà ni wọ́n sì ṣe ń gbani ní gbogbo wọn: wọn kì í pe ènìyàn lọ́kọ̀ọ̀kan, ńṣe ni wọ́n á kó àwọn tí ń wá iṣẹ́ jọ, wọ́n á wo bí wọ́n ṣe ń ṣe láàárín ara wọn. Ó ní kò sí sà, kò sí mà, kò sí àgbà, kò sí ọmọdé nínú yàrá yìí. Nọ́ńbà ni kí a máa fi pe ara wa. Ó wá fi kún un pé ẹnikẹ́ni tí àwọn bá rí i pé ó purọ́ sínú ìwé rẹ̀, ilé ni yóò ti bá ara rẹ̀, kò sì ní gba ẹnu ọ̀nà àwọn wọlé mọ́ láéláé.

Ẹnu rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yẹn wà tí ilẹ̀kùn fi ṣí, tí nọ́ńbà kejìlá tí ó pẹ́ wọlé. Ó wo yípo, ó rí mi, ó sì kúnlẹ̀ gbì.

"Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá Kudi! Háà! Ẹ̀yin náà wà níbí?"

Ràfátù ọmọ Bàbá Aláṣọ ni. Ògiri kan ṣoṣo ni ó wà láàárín ilé wọn àti ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo lá nínú oyin ìsọmọlórúkọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìwé mi tí ó wà níwájú Mádààmù sọ pé ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mí, nítorí wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìpolówó pé àwọn kò fẹ́ ẹni tí ó bá ti ju márùndínlógójì lọ. Nínú ọkàn mi, mo mọ̀ pé mo ti pé méjìlélógójì.

Mádààmù bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Nọ́ńbà keje, ṣé ọmọ rẹ ni?"

"Rárá, mà. Mo ní rárá, kì í ṣe ọmọ mi. Àṣà wa ni. Kò sí ẹni tí a kì í kúnlẹ̀ fún."

"Ìwọ nìkan ni ó kúnlẹ̀ fún."

Ràfátù ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó ń retí kí n dá a lóhùn, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé, kí ó tó dìde. Mo gbé ojú sí fèrèsé, mò ń wo kiréènì kan tí ó ń gbé irin lókèèrè. Nígbà tí ó ṣe, ó dìde fúnra rẹ̀, ó lọ jókòó, ojú rẹ̀ rí bí ojú ẹni tí wọ́n gbá létí. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, ọmọ ẹnìkan kò kí mi rí kí n má dá a lóhùn. Ní orí àga yẹn ni ó ti yé mi pé nǹkan tí mo dáwọ́ lé lè wó lé mi lórí.

Ó yẹ kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́. Ojo ni mí, mi ò sì fi pamọ́ fún ẹni tí ó bá mọ̀ mí. Támálè ní Gánà ni mo dàgbà sí, níbi tí bàbá mi ti ń ta abọ́ àti ìkòkò. Mo ti ń bá a tajà dáadáa ní ọjọ́ tí rédíò sọ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé kó ẹrù wọn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àpótí onírin kan péré ni a rí gbé jáde. Láti ìgbà yẹn, àpótí náà kì í jìnnà sí ẹnu ọ̀nà níbikíbi tí mo bá ń gbé. Ṣẹ́ẹ̀tì méjì, ìbora kan, kẹ́túlù kan àti fọ́tò bàbá mi wà nínú rẹ̀. Bí mo bá sì rí ẹni tí ó mú ìwé dání tí ó fẹ́ ka orúkọ, ojú mi á máa wá ọ̀nà tí mo lè gbà sá. Sìkírà ìyàwó mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun nìkan ni ó fẹ́ ọkùnrin tí ó ń kó kúrò nílé lójoojúmọ́ tí kì í sì í lọ ibì kankan.

Iṣẹ́ ni ó gbé mi dé Àbújá, nígbà tí ìlú náà ṣì ń gbéra nílẹ̀. Ohun tí ó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù níbẹ̀ ni bí títì ṣe fẹ̀ tó láìsí ènìyàn lórí rẹ̀. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ènìyàn kò lè rìn ìṣísẹ̀ mẹ́wàá kí ó má kí ènìyàn mẹ́ta. Níbí, mo lè rìn láti oríta kan dé ìkejì kí ó jẹ́ pé típà tí ń gbé yẹ̀pẹ̀ pupa nìkan ni a jọ pàdé. Mo rí àwọn obìnrin Gwárí tí wọ́n ru igi ìdáná sí èjìká dípò orí, mo dúró mò ń wò wọ́n títí ọ̀kan fi bú sẹ́rìn-ín. Bí ó bá di ọjọ́ Ẹtì, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba á gba Èkó lọ, ìlú á sì dà bí ilé ìwé tí wọ́n ti gba ìsinmi.

Zuba, létí ìlú, ni mo ń gbé, nínú yàrá kan pẹ̀lú Músílíù, ọmọ Ìlọrin tí ó ń ta àgádágodo. Nínú ọjà èso Zuba ni mo ti rí iṣẹ́ àkọ́kọ́. Mò ń bá Màlámù Sánì to ọsàn. Kò sí ohun tí kò yé mi nínú títo ọjà, láti Támálè ni ó ti wà lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n ọsàn yàtọ̀, kò gba ìkánjú. Bí mo bá ti tò ó tán tí ó dúró bí òkè kékeré, Màlámù á rìn yí i ká lẹ́ẹ̀kan. "Kai! Sànnu!" ni yóò wí, ìyẹn kú iṣẹ́ lédè tirẹ̀. Èmi náà á dá a lóhùn pé "Yauwa." Ọ̀rọ̀ wa parí nìyẹn títí di ọjọ́ kejì, nítorí èmi kò gbọ́ Hausa, òun kò sì gbọ́ Yorùbá.

Mo ronú púpọ̀ nípa ìkíni ní ọdún méjì tí mo fi to ọsàn yẹn. Nílé, bí ọmọ kan bá kúnlẹ̀ fún mi, tí mo sì dọ̀bálẹ̀ fún ẹlòmíì ní ìṣẹ́jú kan náà, mo ti mọ ibi tí mo wà. Mo mọ ẹni tí ó wà lókè mi àti ẹni tí ó wà nísàlẹ̀. Ní Àbújá, kò sí ẹni tí ó mọ̀ bóyá kí òun bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún mi tàbí kí òun ní kí n sún kúrò lọ́nà. Ní oṣù àkọ́kọ́, ó dà bí òmìnira. Nígbà tí yóò fi tó oṣù kẹta, ó ti di ebi.

Lọ́jọ́ Sátidé, aago mẹ́wàá, mo máa ń lọ sí ilé tẹlifóònù ní Garki láti bá Sìkírà sọ̀rọ̀. Òun náà á ti jókòó sí ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́míìsì àdúgbò wa, níbi tí ẹ̀rọ wà. Igbe ni a fi ń sọ̀rọ̀.

"Bàbá Kudi, ṣé ẹ ti jẹun?"

"Mo ti jẹun! Kudi ńkọ́?"

"Ó ti ga jù mí lọ! Ó ní ṣé ẹ ṣì rántí ojú òun!"

"Sọ fún un pé mo rántí!"

"Iṣẹ́ tí ẹ ń wá ńkọ́?"

"Ó kù díẹ̀!"

Ẹni tí ó tò sẹ́yìn mi á fọwọ́ kàn mí léjìká. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, a ti gbọ́ pé ó kù díẹ̀. Àwa náà fẹ́ sọ fún tiwa pé ó kù díẹ̀."

Gbogbo wa á sì rẹ́rìn-ín.

Iṣẹ́ súpámákẹ́ẹ̀tì yìí ni mo ń pè ní "ó kù díẹ̀". Yàrá wà fún òṣìṣẹ́ tí wọ́n bá gbà pátápátá. Bí mo bá rí i, Sìkírà àti Kudi á wá bá mi. Bí mi ò bá rí i, ẹ̀gbọ́n mi ti ránṣẹ́ pé kí n padà wálé kí ọdún tó parí, nítorí ọkùnrin kò lè máa to ọsàn kiri kí ìyàwó rẹ̀ máa fi kẹ́míìsì ṣe ilé ọkọ. Nígbà tí mo rí i nínú ìpolówó pé mo ti dàgbà jù, Músílíù ni ó sọ pé kí n lọ búra ọjọ́ orí mìíràn ní kóòtù.

"Ta ló mọ ọjọ́ tí wọ́n bí ọ?" ni ó bi mí. "Ṣé bàbá rẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ni?"

"Kò kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n ṣáà ní ọdún tí wọ́n kan òrùlé mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa ni."

"Ṣé òrùlé náà lè wá jẹ́rìí ní Àbújá?"

Akọ̀wé kóòtù kò bi mí ní ìbéèrè kan, ó kàn lu òǹtẹ̀. Músílíù sì fọwọ́ ara rẹ̀ fi dáì dúdú pa ewú orí mi rẹ́, ó jókòó lé orí àpótí mi, ó ń kọrin bí ẹni tí ó ń kun ògiri.

Nígbà tí wọ́n tú wa sílẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, mo dúró de Ràfátù lábẹ́ igi máńgòrò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Kò fẹ́ wò mí. Mo bẹ̀ ẹ́, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kí n tó parí ọ̀rọ̀, ó ti fọwọ́ bo ẹnu.

"Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n! Bàbá Kudi! Ẹ̀gbọ́n mi Ràṣídì ti pé ọgbọ̀n, ẹ̀yin sì lẹ kọ́ ọ ní kẹ̀kẹ́ gígùn!"

"Rẹ ohùn sílẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín tán ná."

Nígbà tí ó rẹ́rìn-ín tán, ó ní iṣẹ́ náà ṣe pàtàkì fún òun pẹ̀lú, ṣùgbọ́n òun kò ní jẹ́ kí ó bọ́ lọ́wọ́ mi nítorí orúnkún òun. Kí ni kí òun wá máa pè mí?

"Nọ́ńbà Keje."

"Èèwọ̀! Kí màmá mi gbọ́?"

"Màmá rẹ wà ní Ògbómọ̀ṣọ́."

"Ẹ ò mọ màmá mi ni?"

A bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ lábẹ́ igi yẹn. Èmi á rìn lọ, màá rìn bọ̀. Òun á dúró ṣánṣán, á wo ojú mi, á ní, "Káàárọ̀, Nọ́ńbà Keje." Ṣùgbọ́n bí ó bá ti dé "Nọ́ńbà", orúnkún rẹ̀ á tẹ̀. Ó di igi mú, orúnkún tẹ̀. Ó gbé báàgì lé orí kí ó má baà lè bẹ̀rẹ̀, orúnkún tún tẹ̀, báàgì já bọ́. Nígbà tí ó di ẹ̀ẹ̀keje, ó jókòó sílẹ̀, omi ẹ̀rín ń bọ́ lójú rẹ̀. "Bàbá Kudi, kì í ṣe èmi. Àwọn ni." Ó na ìka sí orúnkún rẹ̀ méjèèjì. Mi ò rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti dé Àbújá.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n mú wa sọ̀kalẹ̀ sínú ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀. Páálí mílíìkì alágolo àti tòmátò kún ilẹ̀, pẹpẹ gígùn kan sì wà lófìfo. Mádààmù ní kí àwa méjìlá tò ó bí ó ṣe tọ́ lójú wa, ó sì jókòó pẹ̀lú ìwé rẹ̀. Ràfátù ti mú ọgbọ́n kan wá: ó gbé páálí dání nígbàkígbà tí mo bá kọjá, kí ọwọ́ rẹ̀ má baà ṣófo láti kúnlẹ̀.

Ariwo ta lójú ẹsẹ̀. Ẹni méjìlá, ọ̀gá méjìlá. Dàpọ̀, nọ́ńbà kejì, ọmọ Èkó tí ó wọ táì, ni ohùn rẹ̀ lọ sókè jù. Ó ní òun ti rí bí wọ́n ṣe ń to ọjà ní ṣọ́ọ̀bù òyìnbó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi agolo mílíìkì kọ́ ilé alájà sí àárín ilẹ̀, ó ń ga, ó ń ga. Ìdí rẹ̀ kò gbòòrò tó, mo ti rí i láti àjà kẹrin, ṣùgbọ́n ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mí, mi ò fẹ́ dá ẹnikẹ́ni lẹ́kọ̀ọ́. Ràfátù bẹ̀rẹ̀ láti fa agolo kan tí ó wọ́ nísàlẹ̀, mo sì rí i tí òkè mì.

"Ràfátù, kúrò níbẹ̀!"

Ohùn tí mo fi pariwo kì í ṣe ohùn nọ́ńbà keje. Ohùn bàbá ni. Ó fò sẹ́yìn, gbogbo agolo sì wó lulẹ̀ gbàràgàdà, wọ́n ń yí lọ sí abẹ́ pẹpẹ, sí abẹ́ àga Mádààmù.

Dàpọ̀ ń wo táì rẹ̀. Mo lérò pé wọ́n máa lé gbogbo wa, ẹsẹ̀ mi sì fẹ́ gbé mi jáde. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa agolo nílẹ̀. Ọwọ́ kò mọ nǹkan mìíràn tí ó lè ṣe pẹ̀lú ọjà tí ó dà sílẹ̀. Mo ní kí Ládì, ọmọbìnrin Gwárí tí ó jẹ́ nọ́ńbà kẹta, máa nù wọ́n. Mo ní kí Dàpọ̀ máa wò ó bí èyíkéyìí bá tẹ̀, nítorí ojú rẹ̀ ríran dáadáa, kò sì yẹ kí ó dúró níbẹ̀ lójú gbogbo wa. Mo tò wọ́n bí mo ṣe ń to ọsàn fún Màlámù, ìdí gbígbòòrò, orí tóóró.

"Baba, where I go put tomato?" Ìfeányì ni, nọ́ńbà kẹsàn-án.

"Ní ọwọ́ ọ̀tún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mílíìkì," ni mo wí, mo sì fọwọ́ júwe rẹ̀ fún un.

"Baba, dis one don bend," ni Dàpọ̀ náà wí.

Baba níhìn-ín, Baba lọ́hùn-ún. Mi ò tètè gbọ́ ohun tí wọ́n ń pè mí, iṣẹ́ ti gbà mí lọ́kàn, inú mi sì ń dùn. Àfi ìgbà tí Ládì dúró níwájú mi pẹ̀lú aṣọ tí ó fi ń nu agolo.

"Baba, black water dey comot for your head."

Mo fọwọ́ kan ọrùn. Òógùn ti fọ dáì Músílíù, ó ti ṣàn dé kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì funfun mi. Ládì bá mi nù ún, ó ń ṣe jẹ́jẹ́. Nígbà tí mo gbé ojú sókè, Mádààmù ń kọ nǹkan sílẹ̀.

"Mo ti bà á jẹ́," ni mo sọ fún Músílíù nígbà tí mo délé.

"Ìwọ ni ó bà á jẹ́. Dáì mi dára."

Ìpàdé kẹta ni ìkẹyìn. Ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ wá láti Èkó, ọkùnrin kúkurú kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n tún to àga yípo. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó ní: bí wọ́n bá ní kí o mú ẹnì kan péré nínú àwọn tó kù láti bá ọ ṣiṣẹ́, ta ni o máa mú, kí sì ni ìdí rẹ̀?

Nọ́ńbà kìíní ní, "Nọ́ńbà keje. Ó dà bí bàbá mi."

Mo fọwọ́ bo páálí tí ó wà láyà mi.

Dàpọ̀ tún ọrùn táì rẹ̀ ṣe. "Nọ́ńbà keje. Àgbàlagbà ni, sà, ó bò mí láṣìírí."

Ládì náà ní nọ́ńbà keje, nítorí ewú orí mi. Nọ́ńbà kẹrin, ìkarùn-ún, ìkẹfà, èmi náà ni wọ́n mú. Ìyìn tí mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí ni wọ́n ń rọ̀jò rẹ̀ lé mi lórí, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ń gbẹ́ sàréè mi jìn sí i. Nígbà tí ó kàn mí, mo ní Ládì. Ìfeányì ní kò sí ṣọ́ọ̀bù tí kò nílò àgbà, pàápàá àgbà tí kì í bú ènìyàn.

Ó wá kan Ràfátù. Ó ti rí bí mo ṣe ń súnkì lórí àga. Ó dìde, ó na ìka sí mi.

"Èmi ò lè mú eléyìí, sà. Ọmọdé ni."

Ọ̀gá àgbà gbé orí sókè. "Ọmọdé?"

"Ọmọdé ni, sà. A jọ kàwé ni. Èmi ni mo wà níwájú rẹ̀." Orúnkún rẹ̀ fẹ́ tẹ̀ bí ó ṣe ń sọ ọ́. "Mo máa ń rán an níṣẹ́."

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín pa Ìfeányì títí ó fi di àga mú. Ràfátù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, omi ti dé ojú rẹ̀. Ọmọ Bàbá Aláṣọ, tí kò lè pe nọ́ńbà mi lábẹ́ igi, ni ó dúró síbẹ̀ tí ó ń pa irú irọ́ bẹ́ẹ̀ nítorí mi, tí ó sì ń fi iṣẹ́ tirẹ̀ sínú ewu. Mo rí i pé mi ò lè jókòó mọ́.

"Ẹ forí jì í, sà. Èmi ni mo purọ́. Ẹni ọdún méjìlélógójì ni mí. Ọmọ yìí kò bá mi kàwé, mo lá nínú oyin ìsọmọlórúkọ rẹ̀. Ó kí mi ní ọjọ́ àkọ́kọ́, mi ò dá a lóhùn, nítorí ìwé yẹn."

Ẹ̀rín dúró. Ọ̀gá àgbà wo ìwé, ó wò mí, ó ní kí gbogbo wa lọ dúró níta.

A dúró níta fún bíi wákàtí méjì. Kò sí ẹni tí ó lọ ra nǹkan jẹ. Mádààmù jáde pẹ̀lú ìwé ní ọwọ́, ojú mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà tí mo lè gbà sá, bí ó ti máa ń ṣe. Ó ka orúkọ mẹ́fà. Ràfátù wà níbẹ̀. Ládì wà níbẹ̀. Ìfeányì wà níbẹ̀. Èmi kò sí níbẹ̀. Mo yípadà, mo ti ń rò ó bí mo ṣe máa gbé àpótí mi wọ mọ́tò.

"Nọ́ńbà keje, ibo lò ń lọ?"

Ó sọ fún mi pé iye ọdún tí wọ́n kọ sínú ìpolówó wà fún àwọn tí yóò jókòó nídìí owó àti àwọn tí yóò máa ru ẹrù. Ẹni tí yóò máa bójú tó bí wọ́n ṣe ń to ọjà kò sí lára wọn, ọ̀gá àgbà sì fẹ́ mi fún un. Ṣùgbọ́n mo ti purọ́ lẹ́ẹ̀kan; bí kò bá ṣe pé mo fi ẹnu ara mi jẹ́wọ́ ni, ilé ni mi ò bá ti bá ara mi. Nítorí náà, oṣù mẹ́fà ni wọ́n á fi wò mí, kò ní sí yàrá títí tí yóò fi parí, mo sì gbọ́dọ̀ gba ìwé wá láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ó mọ ọjọ́ tí wọ́n bí mi ní tòótọ́. Bí wọ́n bá tún rí irọ́ kan ṣoṣo lọ́wọ́ mi, ó parí.

Ní Sátidé, Sìkírà mú Ìyá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, lọ sí kẹ́míìsì. Obìnrin náà kò fọwọ́ kan tẹlifóònù rí. Mo ṣàlàyé, mo ní ọdún tí wọ́n kan òrùlé mọ́ṣáláṣí ni wọ́n bí mi, ọdún náà sì ti di méjìlélógójì.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?" ni ó pariwo.

"Bàbá mi ni, mà."

"Bàbá rẹ kò sí nílé, Gánà ló wà! Ọjọ́ tí wọ́n kan òrùlé yẹn, èmi ni mo gbé ẹran sàárà lé ọ lọ́wọ́, o sì fi eyín ara rẹ fà á ya! Ọmọ ọdún méjì ni ọ́!"

Mo di ẹ̀rọ mú. "Ìyá Àgbà, ṣé ó dá yín lójú?"

"O tún gé mi níka jẹ!"

Gbogbo ẹni tí ó tò sẹ́yìn mi gbọ́ ọ. Ọ̀kan ní, "Bàbá, ẹ kú ọdún méjì tó wọlé."

Ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì ni mí, ìyẹn ni pé nígbà tí mo dìde láti sọ òtítọ́, mi ò tíì sọ ọ́. Ìwé tí oníkẹ́míìsì bá Ìyá Àgbà kọ dé ọwọ́ mi, òǹtẹ̀ àtàǹpàkò rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni ó fi wà nínú àpò mi. Méjìlélógójì ni mo sọ fún wọn. Ṣé wọn kò ní sọ pé irọ́ kejì nìyí? Músílíù ní kí n fi dáì kun ìwé náà. Ní ọjọ́ kẹrin, mo gbé e lọ bá Mádààmù, mo dúró sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀ bí ẹni tí ó fẹ́ sáré.

Ó kà á. Ó tún un kà. Ó bọ́ awò ojú, ó nu ojú rẹ̀, mo sì rí i pé ẹ̀rín ni ó ń rín.

"Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí," ni ó wí, "èèyàn máa ń wá bá mi láti yọ ọdún kúrò. Ìwọ ni mo kọ́kọ́ rí tí ó wá fi kún un."

Ó fi ìwé náà sínú fáìlì mi. Ó ku oṣù mẹ́fà.

Ní gbogbo oṣù mẹ́fà yẹn, mò ń ṣọ́ra bí ẹni tí ó gbé ẹyin. Ṣọ́ọ̀bù ti ṣí, àwọn oníbàárà ń rọ́ wọlé, àwọn kan wá wo pẹpẹ mi lásán, wọn kò ra nǹkan kan. Mo kọ́ Hausa díẹ̀ sí i. Màlámù Sánì wá ní ọjọ́ kan, ó rìn yí òkè mílíìkì mi ká. "Kai! Sànnu!" Mo ní "Yauwa", a sì bọ ara wa lọ́wọ́. Ràfátù wà nídìí owó. Láràárọ̀, bí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo máa ń tètè gbé ọwọ́ sókè.

"Dúró ná. Jẹ́ kí ìwé mi dé."

"Mò ń tọ́jú ìkíni náà fún yín o, Bàbá Kudi," ni yóò wí, á sì jókòó.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni ìwé náà dé. Èrò ti tò nídìí owó, obìnrin kan ń gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n, ọkùnrin kan mú búrẹ́dì dání. Mádààmù sọ̀kalẹ̀ wá, ó nà án sí mi, ó ní kí n kà á sókè. Mi ò lè kà á sókè. Òun ni ó gbà á padà tí ó kà á: wọ́n ti gbà mí pátápátá, mo ní yàrá, kò sí ìdánwò kankan lórí mi mọ́, ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì. Ó ka iye ọdún náà sókè gan-an ni, ó sì ń wò mí.

Mo gbọ́ tí àga Ràfátù ró. Ó ti jáde láti ẹ̀yìn ẹ̀rọ ìgbowó, ó gba àárín èrò kọjá, ó dé iwájú mi. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì balẹ̀ gbì, bí ọjọ́ àkọ́kọ́.

"Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá Kudi."

Ọkùnrin oníbúrẹ́dì ń wò wá. Mádààmù ń wò wá. Mi ò wo fèrèsé.

"Káàárọ̀ o, Ràfátù, ọmọ Bàbá Aláṣọ," ni mo wí, mo jẹ́ kí ohùn mi dé ìparí ṣọ́ọ̀bù. "Ṣé dáadáa lo jí? Màmá rẹ ńkọ́? Àwọn ará ilé ńkọ́? Dìde, ọmọ mi, dìde."